Ọkùnrin Tó Sọgbà Yí Àgbọ̀nrín Ká

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé ní ìlú kan lẹ́bàá igbó. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Wọ́n pa ẹran títí ẹran fi tán nínú igbó yẹn. Nígbà tí ọkùnrin yìí fi máa dàgbà, kò sí ọmọdé kan níbẹ̀ tó mọ bí àgbọ̀nrín ṣe rí. Àgbọ̀nrín èṣí nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn, ìyẹn èyí tí àwọn àgbàlagbà fi ń pòwe.

Ọ̀rọ̀ náà ká ọkùnrin yìí lára. Ó rìn jìnnà. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń sin àgbọ̀nrín nínú ọgbà bí àwa ṣe ń sin ewúrẹ́. Ó bá onítọ̀hún ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta gbáko, kò gba nǹkan kan, àfi àgbọ̀nrín méje nígbà tó fẹ́ máa lọ sílé. Akọ kan, abo mẹ́fà. Ẹni tó fún un sọ fún un pé, “Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún ọ o. Bí o bá pa àwọn yìí, ó parí nìyẹn.”

Ó kó wọn wálé. Ó fi igi àti wáyà sọgbà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó lọ bá ọba àti àwọn ìjòyè, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn: bí ẹran náà bá ti pé ogún, wọ́n á tú ìlàjì sínú igbó, ẹnikẹ́ni ò sì ní yìnbọn níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi, ká ní o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé! Gbogbo ìlú tú jáde. Wọ́n rí ara pupa tó ń dán, wọ́n rí ìlà funfun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti àmì tótòtó nítan, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó, ó fara balẹ̀, ó fi ẹfun kọ ọ́. Wọ́n rí ẹsẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ru ara ńlá. Ariwo tí wọ́n ń pa bọ̀ lọ́nà, ìdí ọgbà ló parí sí.

Bàbá ọdẹ kan wà láàárín wọn, ọ̀rẹ́ bàbá ọkùnrin náà. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ọdẹ àtijọ́. Ó di wáyà mú, ó wo ẹran náà pẹ́. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹran yìí rí kó má sí ìbọn láàárín wa.”

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá ọdẹ ti ń wá ní òròòwúrọ̀. Ẹni tó ti lé ẹran ní ogójì ọdún, ó mọ ohun tí ẹran ń jẹ. Á wọ igbó lọ, á já ewé ìyeyè díẹ̀, ewé ọ̀pọ̀tọ́ díẹ̀, ìtàkùn ọ̀dùnkún díẹ̀ láti etí oko, á pò wọ́n pọ̀, á gbé e wá. Àgbọ̀nrín á jẹun, ara wọn á máa dán sí i. Ọkùnrin náà á fi ahọ́n ta ẹnu tó-tó-tó, gbogbo wọn á sì sáré bọ̀ wá bá a. Èyí àgbà láàárín àwọn abo ló máa ń ṣíwájú. Òun náà ló kọ́kọ́ lóyún. Àwọn abo yòókù ò tíì ní nǹkan kan nínú.

Báyìí ni ẹ̀rùn dé. Ó le lọ́dún náà. Iná jó igbó, ewé tó kù sì jìnnà. Orúnkún bàbá ọdẹ ń dùn ún, kò lè rìn dé ibi tí ewé wà mọ́. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tí ẹran rẹ̀ lè jẹ.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé kí òun ra oúnjẹ adìyẹ. Bàbá ọdẹ bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Eegun wà nínú èyí, ẹja wà nínú rẹ̀. Ẹran tí Ọlọ́run ní kó máa jẹ ewé, ìwọ fẹ́ kó máa jẹ ẹran ẹlẹ́ran?” Ọkùnrin náà gbé e padà. Ẹnì kan fún un ní ìlàjì àpò àgbàdo. Nígbà tó tú u, àgbàdo ìsàlẹ̀ ti bu, ó ti hu irun funfun bí òwú. Ó sun ún níná. Títí dé ibẹ̀, ó ṣe dáadáa.

Ìyá kan wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ tó ní ewúrẹ́ mẹ́rìnlá. Ìyá yìí rí i lọ́jọ́ kan níbi tó dúró sí tó ń wòkè.

Ó ní, “Bàbá àgbọ̀nrín, kí lo sọ nù sójú ọ̀run?”

Ọkùnrin náà ní, “Ewé ni mò ń wá, ìyá.”

“Ewé? Ojú ọ̀run ni wọ́n ń gbìn ín sí báyìí? Òkìtì èèpo gbágùúdá wà níbi tí a ti ń yan gàrí, ó ga ju ìwọ lọ. Ẹnìkan ò bi ẹnìkan. Òun ni ewúrẹ́ mi ń jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti já wọn lẹ́nu ọmú. Wo ìdí wọn bó ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀. Àbí ọmọ ọba ni tìẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó lọ bi bàbá ọdẹ.

Bàbá ọdẹ ní, “Èèpo gbágùúdá dára, bí oòrùn bá ti pa á. Sá a. Kó gbẹ títí débi pé bí o bá ṣẹ́ ẹ, á dún. Gbágùúdá tí wọ́n fi ń ṣe gàrí níhìn-ín, èyí tó korò ni. Oró wà lára èèpo rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù.”

“Ọjọ́ mélòó ni mo máa sá a, Bàbá?”

“Títí á fi gbẹ.”

Èsì yìí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí ebi ń pa ẹran rẹ̀, ọjọ́ kan gùn lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ọdẹ lọ sí ìlú àna rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sìnkú. Àgbọ̀nrín dúró sídìí ọgbà, wọ́n ń wo ọkùnrin yìí. Kò lè fara da ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Ó gbé agbọ̀n méjì, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ó kó èèpo tí àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Ó dà á sínú ọpọ́n. Ó ta ẹnu tó-tó-tó. Wọ́n sáré wá.

Abo àgbà ló kọ́kọ́ dé. Ó na imú sí i. Ó fà sẹ́yìn. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo àwọn yòókù sì dúró gbagidi. Kò sí ọ̀kan tó tún sún mọ́ ọn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jẹun jàre! Ṣé mo fẹ́ pa yín ni?”

Wọn ò jẹun. Ó wá rántí ohun tí àwọn eléwúrẹ́ máa ń ṣe. Bí ewúrẹ́ bá kọ̀ láti jẹun, wọ́n á po iyọ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi wọ́n ohun tó fẹ́ jẹ. Kò sí ẹran tí kò fẹ́ iyọ̀. Ó wọlé, ó po iyọ̀, ó fi wọ́n èèpo náà dáadáa, ó fọwọ́ rò ó pọ̀.

Akọ ló kọ́kọ́ wá. Ó fi ahọ́n kan án, ó dùn. Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́. Abo méjì tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Abo àgbà ló kẹ́yìn. Ó dé ibẹ̀, kò wo ọpọ́n. Ojú ọkùnrin náà ló wò. Ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ló tẹrí ba, ó sì jẹ.

Ọmọ mi, títí di òní, bí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, ara mi a máa bù máṣọ. Imú rẹ̀ ti sọ òótọ́ fún un. Ojú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ló fi borí imú rẹ̀.

Kò pẹ́ rárá. Akọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí. Ó la ẹnu, ó ń wá èémí. Ó ṣubú. Abo méjì tó tẹ̀ lé e náà ṣubú. Ọkùnrin náà kígbe. Ìyá eléwúrẹ́ sáré wọlé pẹ̀lú ìgò epo pupa, àwọn méjèèjì ń gbé orí ẹran sórí itan, wọ́n ń rọ epo sí wọn lẹ́nu. Ìyá náà ń sunkún, ó ń wí pé, “Ewúrẹ́ mi ń jẹ ẹ́! Mo ní ewúrẹ́ mi ń jẹ ẹ́!”

Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, akọ ti kú, abo méjì ti kú. Mẹ́rin yè. Bóyá epo ni, bóyá torí pé wọn ò tíì jẹ púpọ̀ ni, èmi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀.

Ṣé o rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Abo mẹ́rin ló kù, akọ ò sí. Gbogbo ìlérí tí ọkùnrin yìí bá ìlú rẹ̀ ṣe, inú abo àgbà yẹn ló wọ̀ sí. Bí oyún yẹn bá bàjẹ́, tàbí bí kò bá jẹ́ akọ, àgbọ̀nrín tún di ti òwe nìyẹn.

Bàbá ọdẹ dé lọ́jọ́ kẹta. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí. Ìyá eléwúrẹ́ tún ń wí pé ewúrẹ́ òun ń jẹ ẹ́, òun ni bàbá ọdẹ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ó ní, “Ìyá, ewúrẹ́ rẹ ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ á jẹ méjì tí oòrùn àná ti pa lórí òkìtì, á lọ jí àgbàdo ní ilé kejì, wọ́n á fi igi lé e, á lọ já ewé ní ilé kẹta. Ewúrẹ́ rẹ kì í jókòó ti abọ́ kan. Ẹsẹ̀ olè tó ní yẹn ló ń gbà á là.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Bàbá ọdẹ wá yíjú sí ọkùnrin náà. Ó ní, “Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo ti sùn sórí igi rí, tí àgbọ̀nrín ń jẹun nísàlẹ̀ mi. Mo gbàgbé ìbọn lọ́wọ́. Ó já ewé kan níbí, ó rìn. Ó já méjì lọ́hùn-ún, ó rìn. Ó dé ìdí igi kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lọ. Igi tí mo mọ̀ pé oró wà nínú rẹ̀ ni. Ta ló sọ fún un? Ta ló kọ́ ọ? Kò sí igi tó fi gbogbo ẹnu rẹ̀ fún. Ọgọ́rùn-ún igi ló ń bọ́ ọ lójúmọ́. Ìwọ wá sọgbà yí i ká. O kó ọgọ́rùn-ún igi lọ́wọ́ rẹ̀, o fún un ní ọpọ́n kan. Láti ọjọ́ tí o ti ṣe ìyẹn, ìwọ lo di imú rẹ̀.”

Ó ní, “Èèpo yẹn ò dùn mí tó iyọ̀. Ẹran yẹn bá ọ sọ̀rọ̀, o fi iyọ̀ dí i lẹ́nu.”

Ọkùnrin náà ò lè gbójú sókè.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni pé abo àgbà ò jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá ọdẹ fi orúnkún tó ń dùn ún rìn lọ sí odò, ó já ewé tútù wá. Abo mẹ́ta jẹ ẹ́. Abo àgbà ò sún mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ta ẹnu tó-tó-tó, ńṣe ni ẹran náà yí ẹ̀yìn sí i. Koríko gbígbẹ ìdí ọgbà ló ń já jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò tó ẹni tó lóyún. Eegun ìhà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ikùn rẹ̀ ń tóbi, ara tó gbé ikùn náà ń gbẹ.

Ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń ronú. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè: bí àlejò bá wọlé mi, tí mo bu omi fún un, ta ló ń kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀? Èmi onílé ni. Mo máa tọ́ ọ wò lójú rẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àlejò tó wà lábẹ́ òrùlé mi láti ọjọ́ yìí wá, ìgbà wo ni mo tọ́ oúnjẹ wò fún un rí?

Ó mú ewé ìyeyè lọ́wọ́, ó wọnú ọgbà. Ó kúnlẹ̀ níbi tí ẹran náà ti lè rí i. Ó gé ewé náà jẹ. Ó rún un, ó gbé e mì. Ó kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó fi èyí tó kù sílẹ̀, ó sì rìn sẹ́yìn.

Ìyá eléwúrẹ́ rí i. Ó ké jáde pé, “Ẹ gbà mí o! Ìbànújẹ́ ti yí i lórí. Ọkùnrin yìí ti ń jẹ koríko!” Àwọn ènìyàn wá ń yọjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi í pé ṣé kí àwọn bá a wá okùn tí wọ́n á fi so ó bí ewúrẹ́. Ó jẹ tirẹ̀ láàárọ̀, ó jẹ tirẹ̀ lálẹ́. Ẹran náà ń wò ó láti òkèèrè. Ọjọ́ kejì náà, bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, abo àgbà gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dúró. Ó gbé òmíràn. Ó dé ìdí ewé náà, ó gbóòórùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ibi tí ehín ọkùnrin náà ti gé e gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Bàbá ọdẹ wà lẹ́yìn ọgbà. Ó ṣí fìlà. Ẹni tó ti pa irú ẹran yìí tí kò lóǹkà, ó ṣí fìlà fún un.

Láti ìgbà náà, nǹkan kan ò wọnú ọgbà yẹn bí ọkùnrin náà ò bá fi ojú wò ó, kó fi imú gbọ́ ọ. Ó ń ṣa àgbàdo ní hóró kọ̀ọ̀kan. Àkàrà ẹ̀pà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó lè wo inú rẹ̀, torí òde lè gbẹ kí inú ti bu. Èèpo gbágùúdá, á sá a títí á fi máa dún. Síbẹ̀ náà, ẹ̀kúnwọ́ kan ló máa ń pò mọ́ ewé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á sì dúró di ọjọ́ kejì kó tó fi díẹ̀ kún un. Ohun tí ẹnu ènìyàn bá gbà, á tọ́ ọ wò. Kò tún fi iyọ̀ bo nǹkan kan mọ́. Iyọ̀ wà lọ́tọ̀ nínú abọ́ tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á lọ lá a.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, abo àgbà bí. Ọkùnrin náà rí i, ó pe bàbá ọdẹ, ìyá eléwúrẹ́ náà bá wọn dé ibẹ̀. Ọmọ náà tutù, ó ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ń lá a. Ìrì ò tíì gbẹ tó fi dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó rí bí igi ìgbálẹ̀. Ó ṣubú. Ó tún dìde. Kí ó tó mu ọmú, ó na imú, ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé wákàtí kan láyé! Ta ló kọ́ ọ?

Ìyá eléwúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Akọ ni.

Kò sí ẹni tó hó yèè. Ìyá náà fúnra rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ ló fi bo ẹnu. Ọkùnrin náà dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀mí lẹ́ẹ̀kejì láti tọ́jú, ó sì mọ bí ó ṣe wúwo tó.

Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń sọ ìtàn yìí fún. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ. O ti sọgbà yí wọn ká, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Àmọ́ ohun tí o bá dà sínú ọpọ́n ni wọ́n máa jẹ, ibi mìíràn kò sí tí wọ́n lè lọ já ewé.

Lọ́jọ́sí, mo jókòó níbi tí ẹ ti ń jẹun. O ń sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ fún àwọn ọmọ náà. O sín ìrìn rẹ̀ jẹ, o sín ohùn rẹ̀ jẹ. O mọ̀ ọ́n ṣe, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà ò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ. Nígbà tó rí i pé ìwọ ń rẹ́rìn-ín, òun náà wá rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà yẹn na ọwọ́ sí àbíkẹ́yìn rẹ, ọmọ náà sì sá. O sọ fún mi pé o ò mọ ohun tó ṣe é.

Mi ò ní o burú. Ọkùnrin yẹn náà ò burú. Ó fẹ́ràn ẹran rẹ̀, ìfẹ́ ló gbé e débi iyọ̀. Ìbínú rẹ sí ìyá ọkọ rẹ, bóyá o jàre, bóyá o jẹ̀bi, tìrẹ ni. Sá a sóòrùn. Jẹ́ kó gbẹ. Kó ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu ara rẹ ná, kí o rún un, kí o mọ bó ṣe korò tó. Bí o kò bá lè gbé e mì, má gbé e fún ọmọ.

Nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé lónìí, wọ́n á sáré wọlé, wọ́n á wo ojú rẹ. Wọn ò ní wo abọ́. Ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé débi pé wọn kì í gbóòórùn oúnjẹ rẹ̀ mọ́, ọmọ mi, ó yẹ kí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbọ̀n nígbà tó bá ń bu oúnjẹ.